Àgbélébùú Tí Bàbá Mi Kàn Sí Kíláàsì Wa

Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan sọ pé ilé ìwé ìjọba kò mọ ẹ̀sìn. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé jù mí lọ. Arámọ̀kọ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ohun gbogbo tó bá ní òǹtẹ̀ ìjọba gbọ́dọ̀ ti Àkúrẹ́ wá. Abẹ́ àgbélébùú ni ẹni tó sọ ọ́ dúró sí nígbà tó ń tún un sọ. Bàbá mi ló kan àgbélébùú náà. Mùsùlùmí sì ni bàbá mi.

Ìlú kan lápá Ọ̀ṣun ni àwọn òbí mi ti wá. Káfíńtà ni bàbá mi, kòkó ló sì fà á dé Èkìtì: ẹni tó bá ta kòkó á kọ́lé, ẹni tó bá kọ́lé á wá ìlẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìjerò, ibẹ̀ ló bí wa sí. Àwọn aládùúgbò wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ láti ayé bàbá wọn, fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í fi iṣẹ́ oníṣẹ́ falẹ̀. A máa ń jẹ Kérésìmesì nílé wọn, wọ́n máa ń jẹ Iléyá nílé wa. Títí di òní, n kò lè sọ pé wọ́n kórìíra wa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ìjọ kan ló dá ilé ìwé wa sílẹ̀, ìjọba sì ti gbà á lọ́wọ́ wọn kí n tó wọ ibẹ̀. Wọ́n kun pátákó ẹnu ọ̀nà ní ọ̀dà tuntun, wọ́n kọ orúkọ ìjọba sí i, ó parí. Orin ìjọ náà la ṣì ń kọ láràárọ̀, àgbélébùú sì wà lókè pátákó ìkọ̀wé ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Àṣà ibẹ̀ ni pé bí sáà tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òbí kálukú á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ran ilé ìwé lọ́wọ́. Bíríkìlà á rẹ́ ilẹ̀ tó bá ti là, àgbẹ̀ á ṣán pápá, bàbá mi á tún bẹ́ǹṣì kàn. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, ikán jẹ àgbélébùú kíláàsì kẹfà títí ó fi já lulẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa fúnra rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, bó bá sì ti nílò ènìyàn, èdè Èkìtì ló máa ń bá a sọ. "Ẹ kú uṣẹ́ o," ló wí, ó sì jókòó lé igi tí bàbá mi ń là bí ọmọ ilé.

Ìyá mi kò fẹ́. Ó ní irú igi wo ni Mùsùlùmí ń gbẹ́ yìí, kí bàbá mi sọ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Bàbá mi ní igi ni igi ń jẹ́, pé abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ òun máa jókòó sí lọ́dún tó ń bọ̀, òun kò sì fẹ́ kí ó já lé e lórí. Ìrókò ló fi ṣe é, kí ikán má baà rí i jẹ mọ́. Èmi ni mo fi sáńpépà ra á títí ó fi ń dán, tí ìka mi fi ń ta mí. Kò gba kọ́bọ̀. Ó gun àkàbà, ó kàn án mọ́ ògiri, ọ̀gá àgbà sì gbàdúrà fún un pé ojú kò ní í ti ọmọ rẹ̀ láé nínú ilé ìwé náà. Bàbá mi ṣe àmín.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo ṣe wòlímọ̀. A kò pọ̀ nílé kéwú tí a máa ń lọ nírọ̀lẹ́: ọmọ awakọ̀, ọmọ télọ̀, ọmọ àwọn tí òbí wọn ti ìlú òkèèrè wá bíi tiwa. Lọ́jọ́ tí mo parí Kùránì, áfáà wa wé ìborí funfun fún mi níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní láti ọjọ́ náà lọ n kò gbọdọ̀ jáde láìborí mọ́. Ìyá mi ti fi òwú aláró ṣe etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Mo fẹ́ràn ìborí yẹn ju aṣọ ọdún lọ. Ẹ má bi mí bóyá nítorí Ọlọ́run ni. Ọmọdé ni mí, mo sì mọ̀ pé ó yẹ mí. Mo ṣiṣẹ́ fún un ni, ẹnikẹ́ni kò fi ta mí lọ́rẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wé e lọ sí ilé ìwé. Àǹtí tó ń kọ́ wa ní kíláàsì kẹfà ní kí n tú u. Mo ní áfáà ní n kò gbọdọ̀ tú u. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, Àǹtí sì fà mí lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá àgbà kò bú mi, kò nà mí. Ó kàn sọ, ní Yorùbá inú ìwé tó pò mọ́ òyìnbó, pé ilé ìwé ìjọba nìyí, àmì ẹ̀sìn kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ó ní bí n kò bá tú u, òun kò ní í fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ fún ìdánwò àtiwọ girama. Kò sí ẹni tó tíì wọ girama rí nínú ìdílé bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti mọ orúkọ mi kọ ni bàbá mi ti ń pè mí ní dókítà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi wọ aṣọ Jímọ́ọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀lé mi lọ. Inú kíláàsì wa la ti bá ọ̀gá àgbà. Bàbá mi kí i, ó sì rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa wé e, pé aṣọ lásán ni, kò dí ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀gá àgbà tún ọ̀rọ̀ àná sọ: ilé ìwé ìjọba, àmì ẹ̀sìn. Bàbá mi gbójú sókè sí ògiri. Gbogbo kíláàsì bá a gbójú sókè.

"Ọ̀gá, èyí tí mo kàn síbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn?" Ọ̀gá àgbà kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. "Ọ̀ṣọ́ ilé ìwé nìyẹn, Bàbá."

Mo dúró kí bàbá mi fèsì. Mo rò pé yóò bèèrè àkàbà, yóò yọ ìṣó rẹ̀, yóò gbé igi rẹ̀ relé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó yíjú sí mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìborí náà lórí mi níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ó ká a, ó tì í bọ àpò. Ó ní kí n lọ jókòó. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi lórí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí fún.

Nígbà tí mo délé, mo ní n kò lọ mọ́. Bàbá mi ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Òótọ́ ni, àwọn àgbà kì í parọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, mo ti ka ìwé tó fẹ́ kí n kà, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pa òwe yẹn kì í dé ìdí idà náà láéláé. Òòlù ni bàbá mi dì mú títí ó fi kú. Bí sáà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á tún lọ kan bẹ́ǹṣì fún wọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ó sì mọ̀.

Kí orúkọ wa tó lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dún náà, Iléyá dé. Lọ́dọọdún, itan kan lára àgbò wa, ti ọ̀gá àgbà ni. Ìyá mi ní kàkà kí òun tún fún un, òun á gbé e fún ajá. Bàbá mi gé itan náà kúrò. Ó gbé ẹran náà sínú abọ́, ó dé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo wé ìborí mi, torí kì í ṣe ilé ìwé ni mo ń lọ. Mo bá ọ̀gá àgbà níwájú ilé rẹ̀, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń gba atẹ́gùn. Ó ṣí abọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun kí àwọn ará ilé kú ọdún. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Aṣọ orí yìí mà yẹ ọ́ o, ọmọ mi."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ló sọ. Orúkọ mi kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.