Òdo Níwájú Orúkọ Ìyá Kékeré

Òjò ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè búra pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé ìbànújẹ́ ni ó fi òjò kún un nígbà tí ó yá.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá mi, àwọn ẹbí péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti pín yàrá ilé. Ìdí-igi ni a ń tẹ̀lé: ìpín kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ì báà ṣe ẹyọ kan ni ó bí. Akọ̀wé lọ́yà kan wá láti Igbosere. Ìwé méjì wà níwájú rẹ̀: orúkọ àwọn ìyàwó nínú ọ̀kan, orúkọ àwọn ọmọ nínú èkejì, orúkọ ìyá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ó mú ìyàwó kan, ó ka gbogbo ọmọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó lè ṣa tirẹ̀. Bí ó ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì, olórí ẹbí yán.

"Akọ̀wé, ṣé kí a kúkú tẹ́ ẹní fún ọ ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ojú ti akọ̀wé. Ó pa ìwé àwọn ìyàwó tì, ó to àwọn ọmọ ìyá kan náà sójú kan, ó sì kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yá kánkán.

"Ìdí-igi méjì," ni ó wí.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fi sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, Ìyá Kékeré, kò bímọ. Òun ni ó tọ́ mi nígbà tí ìyá mi ń ṣòwò ní Èbúté Èrò. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Ọmọ mi, èmi ńkọ́?" ni ó bi akọ̀wé.

"Ẹ má bínú, mà. Ìwé àwọn ọmọ ni mo kà. Ẹ ò sí níbẹ̀."

"Bí ó bá ṣe ìwé àwọn ìyàwó ni o kà dé òpin ńkọ́?"

"Ẹ óò wà níbẹ̀, mà. Òdo ni n óò kọ síwájú yín."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Olórí ẹbí wolẹ̀. "Ìyàwó, òdo kì í gba yàrá."

"Mo gbọ́. Kí ó sáà kọ ọ́. Èmi náà gbé ilé yìí."

Akọ̀wé kọ ọ́. Mo rò pé ó kọ ọ́. Yunifásítì tí mo lọ ti kọ́ mi láti bi ẹlẹ́rìí léèrè ohun tí ó rí gan-an, n kò sì mọ̀ bóyá mo rí i tí bírò kan ìwé, tàbí mo kàn fẹ́ kí ó kàn án ni.

Nígbà tí Ìyá Kékeré ń padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ dé etí omi ní Èbúté Èrò.

"Ọmọ mélòó ni wọ́n kọ síwájú ìyá rẹ?" ni ó bi mí.

"Mẹ́rin, mà."

Ó fọwọ́ kan orí mi, bí ẹni tí ó ń kà mí mọ́ wọn. "Ó pé," ni ó wí, ó sì wọ ọkọ̀.