Ẹ-dúró-ná Kò Tíì Ṣàmín

Agogo ìjà ẹ̀ṣẹ́ ti lù, Apárí ti gbé ìbọ̀wọ́ sókè, abẹ̀ṣẹ́ kejì, tó ti di olóògbé báyìí, sì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ojú ìjà, ó dijú, ó ń gbàdúrà fún ẹni tó fẹ́ lù. Rẹfirí fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Mi ò tíì dé orí ìyá ẹ̀."

Èrò ìwòran bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ tó gbé omi dání ní igun fi tówẹ̀lì bojú. Ṣùgbọ́n Apárí, tó ti ń wò ó bí ẹni fẹ́ gbé e mì, gbọ́ pé wọ́n ń tọrọ ìwòsàn fún orúnkún ìyá òun, lòun náà bá kúnlẹ̀. Wọ́n jọ dìde. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e, Apárí sì ti sùn kí àmín tó tán lẹ́nu ẹ̀.

Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹ-dúró-ná. Bákan náà ló rí nílé. Bí ìyàwó bá fẹ́ bá a jà lórí ìkòkò tó jẹ́ kó jóná, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà fún un, látorí ìlera dé orí ọmọ tí wọn ò tíì bí. Kó tó parí, ìyàwó á ti gbàgbé ẹ̀sùn, ìkòkò kejì á sì ti jóná.

Àwọn alákòóso ìdíje ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní kó máa gbàdúrà ní yàrá ìmúra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó gbàgbé bẹ́líìtì olúborí tó ti ń lé látìgbà àpọ́n. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ṣé Ọlọ́run ò lè gbọ́ nínú yàrá ni?"

"Ọlọ́run á gbọ́. Apárí ni ò ní gbọ́." Ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. "Ẹni tí mo bá máa lù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mi ò kórìíra òun."

Bí wọ́n ṣe lé e nìyẹn. Apárí gba bẹ́líìtì, Ẹ-dúró-ná lọ ń fẹ́ táyà létí títì. Ó ń fẹ́ ẹ, ó ń gbàdúrà ìrìn àjò fún onímọ́tò, ó dijú. Onímọ́tò ń pariwo pé ó ti tó, Ẹ-dúró-ná ní kó dúró ná. Táyà bẹ́ gbàmù. "Àmín," ni Ẹ-dúró-ná wí.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín sí èyí náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan wà lọ́kàn rẹ̀: kí ni Ọlọ́run rí sí gbogbo ìkúnlẹ̀ yìí? Nígbà tí àìsàn kọlu ọkọ, ó gbàdúrà bí ọkọ ṣe kọ́ ọ, kò fo nǹkan kan. Ọkọ kú. Láti ìgbà náà, ó ń lọ sílé ìsìn, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n bó bá kan àmín, ẹnu rẹ̀ kì í là.

Ọjọ́ kan, Apárí fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Kò jókòó. Orí sìmẹ́ńtì ló kúnlẹ̀ sí, orúnkún rẹ̀ ń dún bí igi gbígbẹ. Ó gbàdúrà fún olóògbé, fún ilé, títí dé orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà. Ó dákẹ́. Ìyàwó rò pé ó ti parí, ó sì rò pé kò lè dìde, ló bá di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ dìde o, kí n tó kà dé ẹẹ́wàá."

"Ìyàwó wa, ẹ dúró ná," Apárí ní, ojú rẹ̀ ṣì dì. "Mi ò tíì dé orí yín."

Ẹ̀rín pa ìyàwó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í. Bóyá Ọlọ́run ń gbọ́, kò lè búra. Òun alára ń gbọ́. Nígbà tí àdúrà parí, òun ló kọ́kọ́ ṣàmín.