Àbúrò Bàbá Mi àti Dírípù

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àbúrò bàbá mi máa ń bínú sí ọbẹ̀ tí kò bá tètè hó. “Ó yá, ó yá!” ni gbogbo Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ fi mọ̀ ọ́n.

Hápíìsì, àrùn tó ń sú kókó olómi sí ara, ló bo ojú rẹ̀ tí a fi gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní kí dírípù oògùn tí wọ́n fà sí i lápá máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kí òun náà sì máa mu omi dáadáa. Bí mo ṣe tòògbé báyìí, ó tú ìdè dírípù náà kó máa sáré wọlé, kí òun lè tètè lọ sóko kòkó.

Nọ́ọ̀sì sáré dé. “Bàbá! Bí oògùn yìí bá sáré wọlé, kíndìnrín yín ló máa bàjẹ́!”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìtọ̀ rẹ̀ ò wá. Mo di póò mú fún un títí apá fi ń ro mí.

“Bàbá, ó yá o.”

“Má kán mi lójú,” ó dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. Ìgbà yẹn ni ìtọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sínú póò, díẹ̀díẹ̀.