Fóònù Àna Mi Láti Àjàṣẹ́

Ọkọ ọmọ mi ló fi fóònù náà ránṣẹ́ sí mi láti Àjàṣẹ́, kí wọ́n tó ti bodè. Ó tóbi, ó ń dán, ó sì ń fi Faransé kí mi. Mo fi ń pè, mo fi ń gbà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àna. Nígbà yẹn, bí ojú ọmọ mi bá ń yun mí, mo kàn máa ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìlaròó ni, n ó wọ mọ́tò, ó di Ìdí-Ìrókò, ó di ilé wọn ní Àjàṣẹ́.

Àfi bí wọ́n ṣe ti bodè nígbà tí oyún ọmọ mi ti wọ oṣù ìbímọ. Àkọ́bí ni. Ní ilé tiwa, ìyá ìyá ló ń wẹ ọmọ tuntun: òun ló ń nà án lápá, tó ń nà án lẹ́sẹ̀, tó ń fi omi gbígbóná jó ìwọ́ rẹ̀. Ta ni yóò wẹ èyí? Ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Wọ́n ní ọ̀nà inú igbó wà, ṣùgbọ́n ọkọ mi fàáké kọ́rí pé ìbọn kì í mọ ìyá ọlọ́mọ.

Ọmọ mi ní kò le, kí n gba áàpù tí gbogbo ayé fi ń rí ojú ara wọn, n ó máa wò ó, n ó máa júwe fún un. Mo wá áàpù náà tì. Mo bú fóònù, mo tún bẹ̀ ẹ́. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn nìyí, ẹ má rẹ́rìn-ín: ìrẹsì òdìkejì kò wọlé mọ́, òróró kò wọlé mọ́, ọmọ òdìkejì sì ni fóònù mi. Wọ́n ti ti bodè mọ́ òun náà ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, ohun tó bá ti dí, àwọn aṣọ́bodè la kọ́kọ́ ń bi.

Mo gbé e lọ sí Ìdí-Ìrókò. Aṣọ́bodè kan gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi ṣí i.

"Màmá, kí lẹ ní kí n ṣí?"

Ó ní kí n lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe.

Ẹni tó ń tún un ṣe ní Ìlaròó là mí lọ́yẹ̀ títí mo fi dàrú. Ó ní ètò kan wà nínú fóònù tó ń darí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ti ara wọn, wọ́n ń gbàṣẹ lo ti ẹlòmíràn, bí ẹni tó háyà ilé láàárín ìlú. Èyí tó ṣe tèmi kọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní ṣé ìyẹn kò dára ni? Ó ní ó dára, kò sí onílé tó lè lé e jáde. Kí ló wá dé? Ó ní àwọn tó ń ṣe áàpù kò tíì bá a débẹ̀.

Inú bí mi sí ilé-iṣẹ́ náà. Ta ló rán wọn níṣẹ́? Ṣùgbọ́n èmi àti ọkọ mi náà sá fún wàhálà onílé, a lọ kọ́lé sí ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn, iná kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ta ni mo fẹ́ bú? Ó ní kí n ra òmíràn. Ṣé ẹ̀bùn àna ni kí n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọmọ mi wá máa gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ?

Bí ọmọ ṣe dé nìyẹn, ọkùnrin. Láràárọ̀, ìyá rẹ̀ á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, èmi á máa wẹ ọmọ tí n kò rí. "Nà án lápá. Rọra. Omi yẹn kò gbóná jù?" Bó bá sunkún, ẹ̀rù á bà mí. Bó bá dákẹ́, ẹ̀rù á tún bà mí. N ó wá máa kì í títí yóò fi sùn.

Nígbà tí wọ́n ṣí bodè tí mo dé Àjàṣẹ́, ọmọ ti ń rìn. Mo na apá sí i, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí mo ṣe máa ń kì í. Ó yọjú, ó ń bọ̀. Ó kọjá lára mi, ó mú fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé e sétí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ló wí.

N kò mọ̀ bóyá èmi ló ń pè. Mo ṣáà dáhùn.