Ọjọ́ tí Mo Kọ́kọ́ Po Òrí

Òórùn òrí tí wọ́n ń yan lórí iná ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ṣakí nígbà ọyẹ́. Ó jọ òórùn ẹ̀pà tó fẹ́ jóná, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ títí di ọjọ́ kejì. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ, inú mi á kàn ṣàdédé máa dùn ni.

Nígbà kan, mo ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìbàdàn. Ọ̀gá kan ló dúró sẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní kí àwa kan máa lọ sílé. "A ò nílò yín mọ́." Ó parí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó tí kò ní wọlé mọ́ lọ. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì, ó ṣe mí bíi pé wọn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo kó ìdílé mi bọ̀ wá sílé. Màmá mi ti dàgbà, apá rẹ̀ ò gbé òrí pípò mọ́, ṣùgbọ́n báàfù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ máa ṣe é tà. Àwọn ìyàwó ilé wa rẹ́rìn-ín títí, nítorí obìnrin ló ń po òrí níbi tiwa, ìdájí ni wọ́n sì ń pò ó, kí oòrùn tó mú. "Ọkọ wa fẹ́ di ìyàwó o!" ni wọ́n ń sọ káàkiri agbo ilé. Ojú tì mí gan-an. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni mo ti fi ra kóró òrí, mo ti yan án, mo ti lọ̀ ọ́. Ọgbọ́n tí mo wá dá ni pé kí gbogbo wọn lọ sọ́jà ná, kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n burúkú gbáà! Nígbà tí wọ́n fi máa lọ tán, oòrùn ti mú ganrínganrín. Mo bu omi sí i, mo ń pò ó, mo ń pò ó, apá ń ro mí dé èjìká, ó dúdú síbẹ̀, kò dì, ó kàn ń yọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹrọ̀fọ̀. Bí èyí bá bàjẹ́, kò sí òmíràn tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń wá ibi tí mo máa dà á nù sí, tomijé tomijé, nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Wọ́n ti ti ọjà dé, n kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìyálé gbogbo wọn ki ọwọ́ bọ báàfù, ó fà á yọ kíá. "Háà, ọkọ mi! Ta ló ń po òrí nínú oòrùn? Gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, kóo bu omi tútù wá látinú àmù."

Kí n tó bu omi dé, wọ́n ti ká aṣọ sókè. Bó bá rẹ apá ọ̀kan, òmíràn á gbà á. Wọ́n ń pò ó, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ọ̀rá sì gbéra sókè omi. "Àlùhámúdúlílàhì!" ni màmá mi ké láti ẹnu ọ̀nà.

Mo dúpẹ́ títí, mo ní kí wọ́n bù nínú rẹ̀. Ìyálé kọ̀. "Àárò la jọ ń ṣe, ọkọ mi. Òní tìẹ, ọ̀la tèmi. Ìdájí ni o! A nílò ọwọ́ rẹ."

Lónìí, òrí mi ń dé Ìbàdàn nínú ike, mo sì ń dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí pé ọjọ́ wo ni mo tún ríṣẹ́, n kì í sọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tajà. Ìdájí ọjọ́ kejì yẹn ni, nígbà tí ìyálé kan ilẹ̀kùn mi nínú ọyẹ́, tó ní, "Ọkọ mi, ṣé o ti jí? Ìwọ là ń dúró dè."