Irin Tí Ìyá Mi Fọ̀

Kò sí ìkòkò tó dúdú rí nílé ìyá mi. Yanrìn àti eérú ló fi ń ha wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kambolé, títí ènìyàn á fi rí ojú ara rẹ̀ nínú wọn. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá rí òṣùpá he, á ha àbàwọ́n ara rẹ̀ kúrò.

Olùkọ́ ni mí ní Tchamba nígbà tí alùpùpù gbé mi ṣubú, tí ìbàdí mi fọ́. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Sokodé. Dókítà kan tó ń wá láti òkè òkun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sọ pé òun máa ki irin bọ inú egungun itan mi kí n tó lè rìn, ṣùgbọ́n àwa la máa wá irin náà. Lọ́dọ̀ wa, aláìsàn ló ń ra òwú, òun náà ló ń ra abẹ́rẹ́. Ta ni yóò yà lẹ́nu pé ó tún máa ra ìbàdí? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tó ń ṣòwò ní Kutọnu ló bá wa rí i. Títánì ni wọ́n ń pè é, irin tí kì í dógùn-ún. Ìyá mi lọ gbà á.

Láyé ìgbà yẹn, sójà wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ìlú. Nígbà tí ìyá mi ń bọ̀, ọ̀kan nínú wọn dá ọkọ̀ dúró nítòsí Tchamba, ó ní kó tú ẹrù. Ó rí irin nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, ó ní ara ìbọn ni. Ó fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá náà, ó yí irin wò, ó sì jù ú sínú ẹrẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ yẹn ṣì ń bí mi nínú títí dòní.

Ó kọ́kọ́ yà sílé àbúrò rẹ̀ obìnrin ní àdúgbò Komah ní Sokodé. Bó ṣe ń ṣan ẹrẹ̀ kúrò, ó rí nǹkan funfun bí ẹfun tó lẹ̀ mọ́ irin náà, tó ń họ ọwọ́. Ó rò pé ó ti bu ni. Kò fẹ́ kí ìdọ̀tí kankan wọ ara ọmọ rẹ̀. Ó ṣe bísímílà, ó fi yanrìn àti eérú ha á. Nígbà tí funfun náà kò tán, ó tọrọ bébà líle tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán igi. Nígbà tó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, ó ń kọ mànà bí ṣíbí tuntun. Mo yìn ín.

Dókítà kò yìn ín. Ó gbé irin náà síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó wá ṣàlàyé fún mi ní Faransé pé funfun yẹn gan-an ni iṣẹ́: nǹkan tó jọ egungun ni wọ́n fi bò ó, kí egungun mi lè rò pé ẹbí òun ló dé, kó sì hù mọ́ ọn. Bí ara irin bá ń dán, egungun kì í rí ibi dì mú. Ó ní òun lè sè é kó mọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè dá funfun náà padà, kò sì sí irin mìíràn. Ó bèèrè ẹni tó tú ọ̀rá náà.

Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, n kò sì mọ ẹni tó lè lọ sọ fún àwọn sójà bí mo bá dárúkọ wọn. Ẹ̀rù bà mí. Ìyá mi kò gbọ́ Faransé, ó ní kí n sọ ohun tó wí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Sọ fún un pé èmi ni,” ló wí. “Èmi ni mo tú u, èmi ni mo fọ̀ ọ́.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe túmọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ki irin náà sí mi lára. Egungun mi kò gbà á. Ó ń mì nínú itan mi, ọ̀pá ni mo sì fi ń rìn. Mo padà sí Kambolé. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìyá mi á wá bi mí:

“Ṣé ó ti dì í mú?”

Mo máa ń tètè gbé ọ̀pá sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

“Ó ti dì í mú, Ìyá.”

Á ní kí n yin Ọlọ́run. Á wá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á gbé ọ̀pá náà wá fún mi.