Obìnrin Mẹ́ta Tó Jẹ́ Ẹnì Kan Ṣoṣo

Nígbà tí Kòfowórọlá Akínbọ̀wálé kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn kiri Troyeville, àdúgbò kan ní Johannesburg, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, àwọn ará àdúgbò rò pé ìjọba ló rán an wá lé wọn. Àwọn kan á pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ṣe bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan nílé. Ọkùnrin kan yọjú pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín lẹ́nu, ó ní òun kì í gbé ibẹ̀. Kòfó rẹ́rìn-ín, ó kí i, ó ní òun á padà wá. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, ilé tíṣà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ tíṣà mọ̀ pé ẹni tó béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì béèrè.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyókù ṣojú mi.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Kòfó ti lò ní Johannesburg. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ọkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Venda kan tó jẹ́ ẹnjiníà reluwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Fikáyọ̀, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Rosettenville, tó ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́, títí ó fi gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ àwùjọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Táyọ̀ Adéolúwa ló wá mú un wọ yunifásítì kan ní Doornfontein. Àdéhùn ọdọọdún ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe iṣẹ́ ayérayé, ṣùgbọ́n Kòfó gbà á tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Táyọ̀, ìyẹn náà sì ń pè é ní àbúrò òun níbi gbogbo.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ nìyí. Àwọn onímọ̀ láti ìlú mẹ́sàn-án káàkiri àgbáyé fẹ́ kọ ìwé ńlá kan nípa bí ayé ṣe ń yí padà wéré-wéré lójú wa. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀ nínú ìwé náà. Kí wọ́n tó kọ ọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan yóò mú àdúgbò kan, wọn yóò kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé ojúlé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọọdún, wọn yóò wo ẹni tó lọ àti ẹni tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Táyọ̀ ni olórí ti Johannesburg. Kòfó àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló pín Troyeville láàárín ara wọn, ojúlé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn ọdún méjì, orúkọ ti yí padà ní mọ́kànléláàádọ́rin nínú àwọn ojúlé náà. Inú àwọn olórí lókè òkun dùn. Ohun tí wọ́n ti ń rò tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn: pé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀nà lásán, èrò ń wọlé, èrò ń jáde, kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kejì. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìlú àrékọjá ni wọ́n pè é. Kòfó fúnra rẹ̀ buwọ́ lu àtẹ náà, ó sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ìpàdé méjì.

Ní oṣù Keje ọdún kẹta, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣàìsàn, Kòfó sì gba ojúlé tirẹ̀ rìn fún un. Òtútù mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, yìnyín bo koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó kan ilẹ̀kùn yàrá kékeré kan ní ẹ̀yìnkùlé. Nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, "Àǹtí Dina, ẹni tuntun" ló wà níbẹ̀. Obìnrin tó ṣí ilẹ̀kùn ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó fi ìbora wé èjìká, ó ní abẹ́rẹ́ láàárín ètè. Bó ṣe rí Kòfó báyìí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Hawu! Ìwọ náà tún dé! Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ fẹ́ kọ mí sílẹ̀?"

Magdalene ni, aránṣọ ọmọ Mòsáńbíìkì tí Kòfó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ní ilé onígéètì àwọ̀ ewé ní òpópónà kejì. Nínú àtẹ, obìnrin yẹn ti "lọ."

Wọ́n jókòó, Kòfó sì sọ fún un pé ìwé àwọn ní ó ti lọ. Zúlú ni wọ́n ń sọ, èdè tí kì í ṣe ti ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn.

"Òrùlé ilé àkọ́kọ́ jò, mo kó kúrò," ni Magdalene sọ. "Ilé kejì, ọmọ onílé gbéyàwó, wọ́n nílò yàrá. Mama Lena ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀ torí mò ń bá wọn mójú tó ọmọ. Níbí, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì mi ni wọ́n mọ̀, Dina. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin ni láti ibí dé ilé àkọ́kọ́ yẹn. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò kúrò ní Troyeville rí. Ta ló ní mo lọ?"

Kòfó ṣí ìwé. Mama Lena wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni, àwọn ti kà á sí mẹ́ta: ẹni tó lọ, ẹni tó dé tó tún lọ, ẹni tuntun.

Ó sọ fún mi pé ojú ti òun débi pé òun ò lè mu tíì tí obìnrin náà gbé kalẹ̀. Nígbà tó délé, ó jókòó sínú mọ́tò níwájú géètì fún ìgbà pípẹ́, ó ń bá ara rẹ̀ wí ní ahọ́n Èkìtì. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tẹ̀lé ilẹ̀kùn mọ́, ènìyàn ló ń tẹ̀ lé. Ó gba ọdún mẹ́ta gbáko. Nínú ojúlé mọ́kànléláàádọ́rin yẹn, ó rí àwọn ará ojúlé méjìléláàádọ́ta láàárín ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yàrá ni wọ́n pààrọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn kò yí padà, kílíníìkì wọn kò yí padà, aládùúgbò tí wọ́n ń bá ṣe àríyànjiyàn kò yí padà.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Táyọ̀ pè é sí ọ́fíìsì.

"Kòfó, jókòó. Mo ka ohun tí o kọ. Iṣẹ́ gidi ni."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ṣùgbọ́n ìwé ti fẹ́ẹ̀ parí. Ìlú mẹ́jọ yòókù ti fohùn ṣọ̀kan. Àtẹ ọdún méjì àkọ́kọ́ la máa lò."

"Ẹ̀gbọ́n, àtẹ yẹn kò tọ̀nà. Èmi tí mo ṣe é ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Kò sí ìwádìí tí kò lábùkù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àmọ́ àbùkù tí a mọ̀, tí a sì fọwọ́ bò, irọ́ là ń pè é."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Táyọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun náà ti fi ọgbọ̀n ọdún wá bí orúkọ ìlú yìí á ṣe wọ irú ìwé ńlá bẹ́ẹ̀. "Àdéhùn rẹ ń parí ní oṣù Kejìlá," ló wí. "Mi ò halẹ̀ mọ́ ọ o. Àbúrò mi ni ọ́. Mo kàn ń rán ọ létí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí ohun tí wọ́n ń kọ sára ògiri kiri báyìí, pé kí àjèjì padà síbi tí wọ́n ti wá. Tí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé bá wá jáde tó ní kò sẹ́ni tó jẹ́ ará Troyeville, pé arékọjá ni gbogbo wọn, ta la kọ ọ́ fún? Mi ò ní buwọ́ lù ú. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní buwọ́ lù ú."

Nílé, nígbà tí Kòfó ròyìn, Fikáyọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní eish, kí ìyá òun ronú, iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì kò sí lórí igi. Bàbá rẹ̀ gé ẹ̀fọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Ṣé orúkọ rẹ ló máa wà lábẹ́ ẹ̀?" Kòfó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó parí nìyẹn," lọkọ rẹ̀ wí, ó gbé ìkòkò kaná.

Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ṣe ìpàdé ìta gbangba ní yunifásítì láti ka orí ìwé náà sétígbọ̀ọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Kòfó kò jiyàn mọ́. Ó háyà takisí kan, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ó kó ará Troyeville mọ́kànlá sínú rẹ̀, Magdalene níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ẹ̀ṣọ́ dá wọn dúró lẹ́nu géètì, ó ní ẹni tí kò bá ní káàdì yunifásítì kò lè wọlé.

"Ìwé tí wọ́n fẹ́ kà nínú ilé, nípa àwọn wọ̀nyí ni," ni Kòfó sọ fún un. "Tí a bá lè sọ ọ̀rọ̀ wọn láìbéèrè káàdì lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè wọlé láìsí káàdì."

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ojú rẹ̀, ó wo ti àwọn èrò ọkọ̀. "Shap," ló wí, ó ṣí géètì.

Mo wà nínú gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Táyọ̀ ṣàlàyé dáadáa, àwọn olórí láti òkè òkun ń wò ó láti ojú ẹ̀rọ ńlá tó wà lára ògiri. Nígbà tó gbé àtẹ jáde, Kòfó dìde. Ó ní òun ni òun ṣe àtẹ náà, kò tọ̀nà, òun sì mú ẹ̀rí wá. Ó na ọwọ́ sí Magdalene.

Magdalene rìn lọ síwájú pẹ̀lú àpò ìránṣọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ òpópónà kejì han òun. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka kàn án. "Ọ̀kan nìyí." Wọ́n tún ṣí òmíràn. "Èkejì nìyí. Ẹ̀kẹta nìyí." Ó yíjú sí wa. "Gbogbo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo la jọ wọ̀ wá."

Ẹ̀rín sọ. Òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan láti ojú ẹ̀rọ béèrè bóyá ohun tó ń sọ ni pé kò sí ohun tó yí padà ní Troyeville.

"Kí ni kò yí padà?" ni Magdalene dáhùn. "Ilé búrẹ́dì àwọn Potogí di ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Èmi tí mò ń rán kọ́tìnì tẹ́lẹ̀, aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán báyìí, mo sì kọ́ láti rán aṣọ àwọn obìnrin Kóńgò. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni àyípadà, àwa wá jẹ́ ewé gbígbẹ. Àwa la ń ṣe é! Ọwọ́ yìí la fi ń ṣe é." Ó yíjú sí Kòfó. "Ìwọ náà, mo ní kí wọ́n ka tìrẹ fún mi. O ní ìfẹ́ ló so wá pọ̀. Irọ́ ni. Mi ò lè fojú kan obìnrin ojúlé kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn onítakisí daṣẹ́ sílẹ̀, òun ló lọ mú ọmọ-ọmọ mi nílé ìwé, torí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ìyẹn ni kí o kọ."

Kòfó mú bírò, ó kọ ọ́ níbẹ̀ níwájú gbogbo wa.

Àwọn olórí ìwé fi ọ̀nà kan lọ Kòfó: kí àtẹ àkọ́kọ́ dúró, kí wọ́n sì fi ìlà mẹ́rin ṣàlàyé èrò tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ó ní ojúlé méjìléláàádọ́ta kò lè gbé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ó ní tí wọ́n bá tẹ àtẹ náà, òun á kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó máa rà á. Níkẹyìn, ìlú mẹ́jọ ló wà nínú ìwé tó jáde. Johannesburg kò sí níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, kò sí ẹni tó pe Kòfó láti tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. Ó padà sí Rosettenville, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní jọ́gíráfì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Táyọ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún kan ó lé. Nígbà tó yá, akẹ́kọ̀ọ́ kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní Prof ló ní kí òun wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ènìyàn. Kòfó àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Táyọ̀ kò tíì jọ jẹun, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kíra ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kòfó kọ ìwé tirẹ̀, ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ló gbé e jáde. Kò tà púpọ̀. Gbogbo ẹni tó kàn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó tó di títẹ̀, wọ́n sì bá a jà lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún yìí, àwọn onímọ̀ mìíràn tún dé Troyeville pẹ̀lú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pa tẹlifíṣọ̀n, kò sì sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè. Gbogbo ojúlé tí wọ́n kàn ló ní kí wọ́n wá sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán Sátidé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, nǹkan bí ogójì ènìyàn ló ti jókòó, Kòfó wà láàárín wọn bí ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n ka ìbéèrè wọn jáde, kí àwọn gbọ́ ọ ná, àti pé ohunkóhun tí wọ́n bá kọ gbọ́dọ̀ padà wá síbẹ̀ kó tó lọ síbòmíràn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn béèrè pé ta ló fún wọn láṣẹ láti gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀.

Magdalene ló wà lórí àga alága. Ó nawọ́ sí àga kan tó ṣófo níwájú fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Jókòó, ọmọ mi," ló wí. "Àwa la máa kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè."